Bàbá Oníkọ́ọ̀kì, àti Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Ilé Tí Wọ́n Ní Ká Kọ Síbí

Ní ọdún 1941, nínú ilé onípákó kan tó kọjú sómi, ni wọ́n bí olóògbé tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Oníkọ́ọ̀kì. Apẹja ni bàbá wọn, apẹja ni bàbá tó bí bàbá wọn. Ìyá wọn a máa yan ẹja, ìyá náà kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ̀ wọ́n sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá ti jogún agídí. Ẹbí ń kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ ṣeun. A mọ̀ pé ohun rere nìkan ni wọ́n máa ń kọ sínú irú ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó dákẹ́, wọ́n ní ká kọ ọ̀rọ̀ kan síbí nípa ìyàwó àkọ́bí wọn, obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní Adákẹ́pọkọ. A ó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á lè ṣí i dé ibi orin.

Bàbá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948. Olùkọ́ wọn fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú, àmọ́ omi ti gba ọkàn wọn, nígbà tó sì di ọdún 1955 wọ́n wọ ọkọ̀ bàbá wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tó sọ wọ́n lórúkọ, ìyẹn síso kọ́ọ̀kì mọ́ okùn ìpẹja. Kọ́ọ̀kì ló ń léfòó, òun ló ń gbé okùn dúró kí ìwọ̀ má baà rì sísàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀nà tí àwọn apẹja fi ń so ó kò dọ́gba. Àwọn kan a dá ihò sí i láàárín, wọn a ki okùn bọ̀ ọ́, wọn a sì ta á ní kókó lókè àti nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn a là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a tẹ okùn sínú ibi tí wọ́n là, wọn a wá gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ yí i ká. Èyí yá, kò sì ní wàhálà. Bàbá kórìíra rọ́bà bí ẹni kórìíra olè. Wọ́n ní iyọ̀ inú omi a máa jẹ ẹ́, pé ọ̀lẹ ní ń lò ó. Tiwọn ni kí wọ́n la kọ́ọ̀kì, kí wọ́n tẹ okùn sínú rẹ̀, kí wọ́n wá gbẹ́ èèkàn igi kékeré, kí wọ́n fi dí i pinpin. Èèkàn yìí kì í jáde àfi tí ọwọ́ ènìyàn bá fà á. Tí ìjì bá dé, apẹja a fa èèkàn yọ, kọ́ọ̀kì a bọ́, okùn a rì, ọkọ̀ a sì ráyè sá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi ti Bàbá, Bàbá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu wọn kì í kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún 1966 wọ́n fẹ́ aránṣọ kan tó ń gbé ní òpópónà kejì. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wọn kí ìyá náà tó ṣaláìsí. Àkọ́bí, ọkùnrin, ló tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ omi, Bàbá sì fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun wọn tí kò bá tíì délé. Lọ́dún 1997 ó mú ìyàwó wálé, ọmọ káfíńtà, ọmọbìnrin tó lẹ́nu bí ẹyẹ. Bàbá a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ò ní í pa mí." Òun náà a ní, "Bàbá, ebi ló máa pa yín, ẹ wá jẹun." Òun nìkan ló láyà láti bá Bàbá ṣàwàdà nínú ilé yẹn.

Ní ti ẹ̀sìn, Bàbá kò fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré. Wọ́n sì jẹ́ alága ẹgbẹ́ apẹja láti ọdún 1990. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ létí omi, abẹ gé e nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọdún 2001. Ní ìdájí ọjọ́ kan, àkọ́bí ń kánjú jáde, kò ráyè gbẹ́ èèkàn, ló bá bẹ ìyàwó rẹ̀ kó bá òun fi rọ́bà di àwọn kọ́ọ̀kì, kó má sì jẹ́ kí Bàbá gbọ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó dì wọ́n. Kí oòrùn tó mú, afẹ́fẹ́ ti yí padà, omi ń bú. Kò pẹ́ púpọ̀ tí igbi gbé àwọn kọ́ọ̀kì kan wá sétí omi. Àmì ilé Bàbá wà lára wọn, àmọ́ kò sí okùn, kò sì sí èèkàn. Àwọn apẹja ti tan ẹ́ńjìnì, wọ́n fẹ́ wá ọmọ náà lọ. Bàbá gbé kọ́ọ̀kì kan, wọ́n wo ojú ibi tí wọ́n là, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ pa ẹ́ńjìnì yín. Ọwọ́ ọmọ mi ló fa èèkàn yìí yọ. Ó ti ju okùn sílẹ̀, ó ti sá gba ẹ̀yìn àpáta lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á délé. Ẹ má lọ kú sómi lásán."

Alága ti sọ̀rọ̀. Àwọn apẹja pa ẹ́ńjìnì.

Bàbá padà sínú ìsọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ìyàwó ti lọ bá wọn, àwọn méjèèjì nìkan. Ohun tí Bàbá ní ká kọ nìyí, ẹ̀yin ará, ẹ kà á dáadáa: obìnrin yìí kò dákẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí èèkàn nínú wọn rárá. Rọ́bà ni. Èmi ni mo dì wọ́n. Rọ́bà ló já, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n máa lọ." Bàbá ní irọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí kò lè fi rọ́bà di kọ́ọ̀kì láéláé. Ó tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní tó bá gbé ọ̀rọ̀ rírùn yẹn dé etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀, kó sì fi ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ló bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó ń sunkún, ó ń wo omi.

Ilẹ̀ ṣú, ọkọ rẹ̀ kò dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn apẹja lọ. Wọ́n bá ọkọ̀ náà tó dojú dé, níbi tó ti máa ń pẹja gan-an, àkọ́bí sì fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó gbé e wá sọ pé ara rẹ̀ kò tíì le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òkú rí, ó yé yín. Kò tíì pẹ́ tó kú; ó ń retí wa ni.

Rọ́bà ṣì wà lára àwọn kọ́ọ̀kì tó kù níbẹ̀. Ta ló dì í? Ìyàwó ní òun ni. Kí ló dé tí kò sọ? Ó ní òun sọ, Bàbá lòun sọ fún. Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Bàbá tẹ orí ba. Wọn kò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ni gbogbo ayé bá gbà pé ńṣe ló ń purọ́ mọ́ arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọjọ́ yẹn ló di Adákẹ́pọkọ. Létí ẹ̀rọ omi, wọ́n á yà fún un bí ẹni yà fún ẹlẹ́gbin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga tó yí i ká kì í lẹ́ni. Nínú ẹbí pàápàá, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó ń dùn nínú ilé yẹn sì pa dé.

Bàbá kò wọ omi mọ́. Wọ́n ń jókòó sínú ìsọ̀, wọ́n ń gbẹ́ èèkàn tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n gbẹ́. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn gúnlẹ̀ ní 2019, ìyàwó yìí ló ń gbé wọn, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Àwọn ọmọ tó kù ń kí wọn lórí fóònù láti ibi iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, Bàbá ní ká pe ẹbí jọ sínú yàrá. Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n ó yé wa. Wọ́n ní, "Ó sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó pa ẹnu mọ́. Èmi ni mo pa ọmọ mi, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyàwó rẹ̀." Wọ́n ní ká kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú, kí gbogbo etí gbọ́. Ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ mà pẹ́ o." Ó nu ẹnu wọn, ó sì jáde.

Ọlọ́jọ́ dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Bàbá fi àbúrò wọn obìnrin sílẹ̀, ẹni tó ń ta òwú. Ọmọ méjì, awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí àgbà wọn jẹ́ ọmọ olóògbé àkọ́bí, mẹkáníìkì tí kì í fẹsẹ̀ kan omi. Àti ìyàwó ilé.

A bi ìyàwó bóyá ká kọ ọ́ síbí pé ó ti dárí jì wọ́n. Ó ní ká má kọ irọ́ sínú ìwé òkú, òun ò tíì dárí jì wọ́n. Òun náà ló wẹ Bàbá kẹ́yìn, òun ló wọ aṣọ tí ẹ rí lára wọn yìí fún wọn.

Bàbá, ẹ sùn re. Ẹbí ti dárí jì yín. Ti ìyàwó, a ṣì ń bẹ̀ ẹ́, fún yín àti fún ara wa.