Bí Mo Ṣe Bá Omi Ṣe Ìdánwò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ìkanra kù? Bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, ayọ̀ ni wàá máa gbé wọlé. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti ń yọ̀, tìrẹ yóò dúró ṣinṣin. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Mo kọ lẹ́tà torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Obìnrin inú fóònù tó máa ń já lu ọ̀rọ̀ wa pé owó mi ti tán yẹn, ṣé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni? Ó ti ń gbọ́ wa látìbẹ̀rẹ̀.

O rántí pé ìjọba ti kànga tí bàbá rẹ gbẹ́ pa, nígbà tí àgbá abẹ́ ilẹ̀ ilé epo ẹ̀gbẹ́ wa jò, tí omi wa ń rùn bí bẹntiróòlù. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì kan ti ń kùn nínú ọgbà ilé epo náà, ó ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ gba inú èédú kọjá kó lè mọ́. Wọ́n tún gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ki páìpù bọ̀, ẹnu wọn kò ju ẹnu ife lọ. Mo béèrè irú korobá tó máa wọ ibẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe fún pípọn, fún wíwò ni. Kànga wíwò! Àwa la ń wò ó àbí òun ló ń wò wá? Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń yẹ omi wò, tí à ń pè ní Oníìgò, ló ń wá lóṣooṣù. Á sọ téèpù sínú páìpù, téèpù á súfèé tó bá kan omi. Á wá bu omi sínú ìgò kéékèèké, á tò wọ́n sínú kúlà yìnyín bí ẹja, á kọ ìwé lé wọn: ẹni tó bù ú, ẹni tó gbà á, aago tó kúrò nílé. Ìwọ gan-an kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o ń lọ sí ìlú ńlá. Ó ní tí omi bá ń yege léraléra, wọn á ṣí kànga wa.

Nígbà tí o fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, ṣebí mo wá tíṣà fún ọ? Mo ní omi yìí náà nílò ìrànlọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Oníìgò bá máa wá, mo máa ń da kẹ́ẹ̀gì omi òjò méjì sínú páìpù, omi tí mo fi aṣọ sẹ́, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má dójú tì mí.

Ó yege! Oṣù mẹ́ta gbáko! Oníìgò ń mi orí, kò yé e. Ọ̀gá ilé epo ní èyí tó burú jù ti mọ́, kí ló kù, kí wọ́n wá kó ẹ́ńjìnnì lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Èmi ti ra okùn tuntun fún kànga wa.

Àfi bí aránṣọ ilé kejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ṣe gbé garawa wá sídìí kànga. Ó ní Màmá, ẹ ṣeun o, omi rírà ti fẹ́ pa mí, omi yín ni n ó máa fi po oúnjẹ ọmọ yìí. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo gbé ìdérí kànga, mo tẹ imú bọ̀ ọ́. Ọmọ mi, bẹntiróòlù kí mi káàbọ̀.

Mo yára da ìdérí bò ó padà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì, mo ní kí n kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, mo bá jẹ́wọ́ lóòró. Ọ̀gá ilé epo figbe ta, ó ní ìyá arúgbó wo ló ń bá omi jíwèé wò? Mo ní ìyá tí omi rẹ̀ ń rùn ni. Oníìgò jókòó lé kúlà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, ṣùgbọ́n ó fi bírò fa igi lé èsì oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní Màmá, aláìsàn ni omi yìí, páìpù yẹn sì ni ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá ń bá a sọ pé ara òun ti yá, báwo ni dókítà ṣe máa mọ ibi tó ń dùn ún?

Ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ariwo tí mò ń bú tẹ́lẹ̀, tó bá dákẹ́ díẹ̀ báyìí, àyà mi á já. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, Oníìgò kọ̀, ó ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ ló yẹ kó ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Èmi àti aránṣọ jọ ń ra omi báyìí, torí ọmọ yẹn. Mo sì fẹ́ ra àgádágodo kejì sí páìpù yẹn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ aránṣọ. Mo mọ ara mi: tí òjò bá tún rọ̀ dáadáa, àánú omi yẹn lè tún ṣe mí.

Ohun búburú tó bá sá pamọ́ sábẹ́ ayé rẹ, Ọlọ́run á fà á jáde kó tó kan omi mímu rẹ.

Èmi ìyá rẹ,
olùṣọ́ páìpù kẹta.