Wàrà Oníwàrà Lórí Mi

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ó ṣeé ṣe kí ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ yín kí lẹ́tà yìí tó dé, nítorí àwọn onírú ọjà wa kì í lè pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi ọmọ yín. Wọ́n pè mí lólè nínú ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, ní iwájú àyè yín gan-an, pẹ̀lú abọ́ wàrà ńlá lórí mi. Mi ò jalè. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni àyè yín lábẹ́ igi dóńgóyárò ti ṣófo. Ìyá Dénì tí ẹ jọ ń kojú síra ni olórí àwọn onírú báyìí, ó sì ti ń sọ kiri pé bí ilé wa kò bá rán ẹnikẹ́ni wá, òun yóò fi àyè náà fún àwọn oníṣu láti Boni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun. Abẹ́ tábìlì yín ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Gbogbo ìwé mi ń rùn irú débi pé mẹ́tírì tó ń kọ́ wa máa ń di imú kí ó tó ṣí wọn. Mo fẹ́ kí Odílì, ìyàwó mi, máa tajà níbẹ̀. Ni mo bá wọ aṣọ funfun mi, mo fi lọ́fínńdà sí i, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Dénì láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò sọ fún Odílì. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn lójijì.

Mo dé ibi ojú irin ni obìnrin kan bá pè mí. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, kì í kanlẹ̀, ọ̀pá ni ó há sábíyá ní ìhà yẹn. Ìró rẹ̀ ló tú lójú ọ̀nà, ó ti gbé abọ́ wàrà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè so ó. Ó ti so ó tán. Ó gbé òṣùká lé orí, ó fi ọ̀pá múlẹ̀ dáadáa, ó tẹ ọrùn sílẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rù mí."

Ìyá mi, ta ló mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ẹni tó bá bẹ̀ ọ́, o di ẹrù rẹ̀ mú lápá kan, òun náà á dì í mú lápá kejì, ẹ jọ gbé e, o dúró títí yóò fi ní ẹrù ti jókòó lórí òun, o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ máa ń gbá mi lọ́wọ́ bí mi ò bá tètè jọ̀wọ́ abọ́. Ẹ máa ń sọ pé ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó wúwo. Gbogbo ayé ni a ń ṣe é fún, a kì í sì í bi wọ́n pé kí ló ṣe yín tí ẹ ò fi lè dá a gbé.

Ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sí ọ̀pá yẹn, àánú sì dé, ó lé ọgbọ́n jáde. Mo ṣí òṣùká kúrò lórí obìnrin náà, mo fi lé orí tèmi. Mo gbé abọ́ lé e. Mo pè é ní Tàntí, mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, kí ó kàn máa tẹ̀ lé mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọrí sí ọjà, nítorí níbo ni oníwàrà tún ń lọ?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn mi. Mo rò pé ó ń súre fún mi ni. Gbogbo igbe tí ó bá ké, èmi a dáhùn pé àmín. Bí igbe ṣe ń pọ̀ sí i ni mo ń yára sí i, kí oore náà lè pé. Omi wàrà ń ṣàn bọ̀ láti etí abọ́, ó gba etí mi, ó gba ọrùn mi, ó wọ inú aṣọ funfun lọ. Mi ò wẹ̀yìn. Ẹni tó ru wàrà kò ṣeé wẹ̀yìn.

Iwájú Ìyá Dénì gan-an ni oníkẹ̀kẹ́ sémì kan tó ń kérò ti fi alùpùpù rẹ̀ dábùú ọ̀nà mi. Ó ní òun bá obìnrin kan lọ́nà tí ń sunkún pé ọkùnrin aláṣọ funfun ti gbé ẹrù rẹ̀ sá lọ, aláìlera sì ni obìnrin náà. Ká tó ṣẹ́jú, ọjà ti pé lé mi lórí. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Onírú ni. Wọ́n ní ta ni ìbá rò ó. Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, nítorí orúkọ yín ni wọ́n ń dà lu ilẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í mú hóró irú kan nínú ti oníbàárà. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá mirí, wàrà á dà. Mo fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan kò lè sọ̀ ọ́. Mo dúró gbagidi. Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí. Èmi náà ti ń wo orí mi.

Nígbà tó yá, obìnrin náà dé. Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀, ará Ofè ni. Àwọn èèyàn ṣù bò ó. Ẹnì kan ń fa àga sábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan dì í lápá mú, ẹnì kẹta gba ọ̀pá rẹ̀ láti bá a mú un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó ń ká ọwọ́ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa èèmọ́ lára aṣọ. Ó gba ọ̀pá rẹ̀ padà. Ó wá dúró níwájú mi, ó mí, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní: "Ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́, àbí ẹ lè dá a ṣe?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé mo lè dá a ṣe, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọrùn mi ti ń gbọ̀n. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó ràn mí lọ́wọ́. Ó tún béèrè bóyá ẹrù ni kí òun kọ́kọ́ mójú tó tàbí ọ̀rọ̀ olè. Mo ní ọ̀rọ̀ olè.

Ó yíjú sí wọn. "Kì í ṣe olè. Olóore tí kò létí ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé oníkẹ̀kẹ́ náà fi orí lé alùpùpù rẹ̀. Sàfúrátù fi ìbàdí ti tábìlì yín, ó di abọ́ mú lápá kan, a jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé kò tilẹ̀ ń bọ̀ wá sọ́jà. Àdúgbò Plateau ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìsọmọlórúkọ, ọ̀nà òdìkejì pátápátá. Mo ti ń na ọwọ́ sí oníkẹ̀kẹ́ kí ó gbé e lọ, mo wá fa ọwọ́ náà padà. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ kí n ṣe. Ó ní ohun tí òun ti sọ lójú irin náà ni. Mo dá òṣùká padà. Mo gbé e rù ú. Mo dúró títí ó fi ní ẹrù ti jókòó, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lọ, ọwọ́ kan sí etí abọ́, omi wàrà kankan kò sì kán. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ tẹ̀ lé e. Mo ní kí ẹsẹ̀ náà dúró.

Ni mo bá yíjú sí Ìyá Dénì, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òórùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní Odílì ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé irú tirẹ̀ wá, ó bá òun jiyàn títí ó fi ṣẹ́gun òun, àyè sì ti di tirẹ̀, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó ní: "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Kò sẹ́ni tó rán mi. Odílì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Òun náà fẹ́ kí inú tèmi dùn lójijì. Sàfúrátù ṣì ń kọjá lójú irin báyìí. Nígbà mìíràn á ní kí n gbé e ru òun, nígbà mìíràn á pe ẹlòmíràn níṣojú mi, ọwọ́ mi á sì máa jẹ mí.

Ìyá mi, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an rèé. Àbúrò mi ti fi káró funfun, èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, ránṣẹ́ láti Kùtọnu pé kí a fi tẹ́ ojú oórì yín kí ó lè máa dán. Másọ̀n tí yóò tẹ́ ẹ ti gbà láti wá. Mo lọ síbẹ̀ lánàá, mo jókòó ti yín, mo bi yín: ṣé kí n tẹ́ ẹ, àbí ilẹ̀ lásán ni ẹ fẹ́? Mo dúró. Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún yín, èyí ni àkọ́kọ́ tí mo béèrè kí n tó ṣe é, ẹ ò sì dá mi lóhùn.

Mo ti sọ fún másọ̀n pé kí ó má tíì wá.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, mo káwọ́ sẹ́yìn, mo ń tẹ́tí.