Màmá Mi, Mo Ti Lọ Ṣiṣẹ́ Abẹ Àyà Mi

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ irú, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tí kò wálé. Mo kí Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. Àǹtí Sìkírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, nítorí mo mọ̀ pé ọkùnrin mìíràn wà níbì kan tó ń fi ẹ̀wù bo ohun tí èmi náà fi ẹ̀wù bò.

Ara mi le. Iṣẹ́ káfíńtà ń lọ ní Ketu níbí. Òjò ọdún yìí pọ̀, omi wọ ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n a ti sá àwọn pákó náà gbẹ. Ọ̀rọ̀ ọmú àyà mi ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bíi ti ọmọbìnrin. Ẹ máa ń fi àdí gbígbóná ra á fún mi láàárọ̀, ẹ ní yóò wọlé tó bá yá. Kò wọlé. Ohun tí n kò sọ fún yín rí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ bá Alájì ẹ̀yìnkùlé wa mọlé. Gbogbo ọkùnrin bọ́ra sílẹ̀ nídìí amọ̀, èmi nìkan ni mo wọ ẹ̀wù. Àwọn ẹgbẹ́ mi dì mí mú, wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà, wọ́n ń pè mí ní ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ní kí n wá fún àwọn lọ́mú. Àwọn àgbà tó yẹ kó lé wọn náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wọ ọkọ̀ akóṣu wá sí Mile 12. Ẹ rò pé ìbáwí Bàbá ni mo bínú sí tí mo fi lọ. Kì í ṣe Bàbá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ kí wọ́n ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn.

Nínú ooru Èkó yìí, síńgílẹ́ẹ̀tì méjì tó fún mọ́ra ni mo ń wọ̀ sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. N kì í wẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ ń bi mí lórí fóònù pé ìyàwó dà. Aránṣọ kan wà ní Ikosi tó fẹ́ràn mi. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé ọkọ, n kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Títí dòní, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná ní Ojota: a ń dín ọmú kù, a ń tún un ṣe, wákàtí kan péré. Mo lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wọ aṣọ funfun. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ara mi. Ó wo àyà mi, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi í pé ta ni yóò kùn mí lóorun, ó ní òun náà ni. Mo ní bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ńkọ́, ó fi àtùpà oníbátìrì kan hàn mí. Àwo ìrẹsì tó jẹ kù wà nínú ọpọ́n kan náà tó kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ sí. Màmá, èmi tí mò ń fi ayùn gé pákó, n kì í fi ayùn dídọ̀tí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oníbàárà. Mo ní mo ń bọ̀. N kò padà.

Mo lọ sí ọsibítù ìjọba. Dókítà ibẹ̀ ló júwe obìnrin oníṣẹ́ abẹ kan fún mi ní Anthony, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe é fúnni láàárọ̀, tí èèyàn á sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Obìnrin náà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó yẹ gbogbo ara mi wò títí dé abẹ́, ó bèèrè àgbo tí mò ń mu àti oògùn tí mò ń lò. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà, tí á sì pòórá fúnra rẹ̀. Tèmi ló kọ̀ tí kò lọ. Kò sí ẹni tó ṣe mí, Màmá. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ó ní kì í ṣe dandan, pé bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pa mí. Ó ka ewu rẹ̀ fún mi: ẹ̀jẹ̀ lè dà, àpá yóò wà, ibì kan lè kú tipiri. Ó ní kí n lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo padà, mo bi í ní gbogbo ohun tí mo bi ti Ojota. Ó pe dókítà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó kunni lóorun, kó sì máa ṣọ́ èémí ẹni. Ó fi àgbá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn hàn mí, ó sọ ọsibítù ńlá tí wọn yóò gbé mi lọ bí nǹkan bá yíwọ́. Nígbà tí mo dárúkọ NẸ́PÀ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n pa iná. N kò tíì kà dé ẹ̀wá tí jẹnẹrétọ̀ fi gbé e.

Ohun kan ló fẹ́ dá mi padà. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn mí àfi bí ẹnìkan bá sìn mí wá, tó dúró, tó sì mú mi lọ sílé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹbí sí, mo kọ ọ́ pé kò sí.

Ọ̀gá mi nìkan ló kù. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, ẹnu wọn mú, gbogbo wa la ń bẹ̀rù wọn. Mo dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń fá pákó, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Wọ́n gbé ràndà sílẹ̀. Mo ń retí ẹ̀rín. Wọ́n ní, “Ọjọ́ wo ni?” Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní, “A ó ti ṣọ́ọ̀bù.”

Lọ́jọ́ náà, aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, “Kí ni ẹ jẹ́ sí i, sà?” Ọ̀gá kò tiẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ̀ ni mí.” Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n wà láti àárọ̀ títí mo fi jí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi dókítà ni ìgbà tí mo lè tún gbé pákó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní. Wọ́n ní kó sọ ọ́ di mẹ́jọ.

Ó dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan, mo wọ aṣọ tó fún àyà mi pinpin fún oṣù kan gbáko. Wọ́n gbé ẹran tí wọ́n yọ lọ fún àyẹ̀wò, kò sí àrùn níbẹ̀. Apá òsì àyà mi ṣì kú díẹ̀, àpá rẹ̀ sì dúdú. Kò rí bí àyà ẹni tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, tèmi ni.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kùn mí lóorun, lórí ibùsùn yẹn, ẹ̀yin ni mo rò. Bí n kò bá jí, ta ni yóò wá sọ fún yín? Kí ni wọn yóò ní ó pa mí? Ìtìjú yẹn ju ti àyà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Mo ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹta ṣáájú Iléyá. Ọ̀gá ní àwọn yóò bá mi wá, pé àwọn fẹ́ mọ ìyá tó bí mi. Ata kò bá wọn lára mu, ẹ dín in kù nínú ọbẹ̀. Tí àlejò bá ti sùn, èmi àti ẹ̀yin yóò jókòó, ẹ ó sì bi mí ní gbogbo ohun tí ẹ kò rí bi mí láti ọdún mọ́kànlá. N ó dáhùn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ dùn yín, kó sì jẹ́ kí n bá gbogbo yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀,
Làmídì, ní Ketu.