Irun Orí Rẹ Ló Kù

Nthatisi ọmọ mi,

Ìyá àgbà ní kí n kí ọ, àbúrò rẹ náà ń kí ọ. Yìnyín pa àgùntàn wa méjì, ṣùgbọ́n àgbàdo ṣì wà nílé. Orúnkún mi ti sàn díẹ̀.

Mo bẹ olùkọ́ yín pé kó má fún ọ ní lẹ́tà yìí àfi tí o bá parí ìdánwò. Ọmọ mi, ikọ́ tí bàbá rẹ kó bọ̀ láti ibi ìwakùsà ti gbé e lọ. A ti sin ín.

Àbúrò bàbá rẹ, Tumelo, pariwo mọ́ mi létí sàréè: "Ìyàwó wa, ṣé ìwé ló bí ọmọ yìí ni? Ẹ pè é wálé!"

Mo ní, "Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sin yìí ló ní ká má pè é. Ó ní ìdánwò táwọn ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo jọ ń ṣe níléèwé rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn yunifásítì fún un, pé òkú òun ò gbọdọ̀ tì í."

Tumelo yí padà, ó gbé ṣọ́bìrì.

Gbogbo wa ti fá orí bí àṣà ọ̀fọ̀ wa. Aṣọ dúdú ò lè kúrò lára mi àfi tí a bá fá tìrẹ náà. Olúwa á ṣọ́ ọ délé. Jọ̀ọ́, báwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ di irun fún ọ nítorí ayẹyẹ ìparí, má gbà. Bó ṣe wà ni kí o gbé e bọ̀ wá bá mi. Abẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ