Kéèkì Henning Ló Dí Wa Lọ́nà

                                        Björkstigen 9,
                                        Granälven,
                                        Sweden.
                                        17 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Gunhild, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìbàdí ńkọ́? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí dókítà bá ní kí o sinmi, ìwọ á ti máa lé àgùntàn kiri inú ọgbà. Sixten ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Àwọn àgùntàn ńkọ́, ṣé wọ́n ti bímọ tán? Mo gbà pé ara gbogbo yín le, pé afẹ́fẹ́ òkun erékùṣù Gotland kò sì tíì ṣí òrùlé yín lọ. Ẹ ṣeun fún òdòdó tí ẹ fi ránṣẹ́ síbi ìsìnkú Henning ọkọ mi. Mo ti fọ ìkòkò rẹ̀, mo ti gbé e pamọ́.

Ní tèmi, ara mi le. Mò ń sùn, mò ń jẹun. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. O bi mí lórí fóònù pé báwo ló ṣe ń ṣe mí, mo ní kò ṣe mí rárá. Òótọ́ ni. Ó dà bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá ti gún ẹnu ẹni lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé eyín ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Mo ti kó aṣọ Henning jọ, mo ti ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n máa rọra. Kí n rọra ṣe kí ni?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣètò ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì wa. Henning ń kọ́ni nísàlẹ̀, èmi wà lókè. Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa kó ìròyìn oríire jọ, olùkọ́ tí wọ́n gbé ga àti akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀bùn, kí n gbé e jáde kí ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Lọ́dọọdún ó máa ń ya lù mí bí òjò. Lọ́dún yìí, láti ìgbà ìsìnkú, kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́. Mo béèrè, wọ́n dákẹ́. Mo tún béèrè, wọ́n ní àwọn á rí sí i. Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, inú ìbá bí mi. Mo kàn sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn níbi kọfí tí wọ́n máa ń mu pọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni.

Èmi kì í lọ síbẹ̀, o mọ̀ mí. Kí àgbàlagbà jókòó yí tábìlì ká lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ yìnyín! Henning ló máa ń lọ. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú èyí tó kù gbẹ̀yìn nínú kéèkì. Wọn á gé e sí méjì, wọn á tún gé ìlàjì náà sí méjì, títí á fi tín-ín-rín bí abẹ, wọn á wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Henning á fi bébà ìnuwọ́ wé e, á gbé e gòkè wá sórí tábìlì mi. Á ní, "Ìyàwó mi, ìtìjú àwọn ará ìsàlẹ̀ rèé. Bá wọn jẹ ẹ́."

Mo bá wọn pẹ̀lú kọfí lásán. Mo kọjú sí Torkel, àgbà olùkọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Torkel, ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ yìí mọ́ ni?"

"Àǹtí Ragnhild, ẹ má bínú. Oríire pọ̀ nílẹ̀ o. Kéèkì ni kò sí."

"Kéèkì wo?"

"Ẹ ṣáà mọ àṣà wa. Ẹni tí oríire bá bá ló ń ra kéèkì, kéèkì ọ̀hún ló sì ń kéde rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yan Henning ní olùkọ́ tó dára jù lọ. Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni ìròyìn dé. Tirẹ̀ ló wà níwájú. Ta ló fẹ́ fo Henning kọjá?"

Gunhild, wọ́n tò sẹ́yìn òkú bí ẹni tó mú nọ́ńbà tó ń dúró kí ó kàn án ní ṣọ́ọ̀bù oògùn! Wọ́n ti gbé Torkel fúnra rẹ̀ ga, ó panu mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì gba ipò kìíní ní Copenhagen, wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá àgbọ̀nrín tó bá ṣìnà nínú yìnyín. Ife ẹ̀yẹ wọn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn agolo kọfí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ká wá gòkè wá bá opó, ká ní kó lọ ra kéèkì? Ẹnu ta la fẹ́ fi sọ ọ́?"

"Òkú kì í ra kéèkì, Torkel."

"A mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti há."

Àwọn yòókù lè dúró. Tuva ni kò lè dúró. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tí Henning tọ́ gbẹ̀yìn. Bí òfin ṣe wí, ó ní láti fi ìṣó kan ìwé ìwádìí rẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa bi í léèrè ní gbangba, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì kọfí náà, sì ni òpin. Bí ìyẹn bá kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bọ̀ wá bi í léèrè kò ní ráyè mọ́ títí di ìgbà òtútù, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní Tromsø, ní Norway, yóò sì bọ́. Mo bá a ní yàrá rẹ̀. Àwọn ìwé ṣì wà nínú páálí, kò tíì tú u.

"Tuva, ìṣó ńkọ́?"

"Ìṣó wà, mà. Ọ̀gá mi ló yẹ kó di ìwé mú kí n kàn án. Mi ò lè fo wọ́n kọjá."

"Ta ló ní kí o fò ó? Kéèkì rẹ̀ á wà nílẹ̀ lọ́la. Tìrẹ á tẹ̀ lé e. Ìwọ ṣáà gbé òòlù wá."

Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ tíì sunkún, mà."

Mo ní, "Kò sí lára ètò ọ̀la."

Mo yà sí ilé kéèkì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè ohun tí òun máa kọ sórí rẹ̀. Mo ní, "Henning."

"Ọjọ́ ìbí wọn ni?"

"Rárá. Òun ni olùkọ́ tó dára jù lọ."

"Ẹ bá mi kí wọn o!"

Mo ní màá kí i.

Lánàá, mo gbé e sórí tábìlì kọfí, kéèkì aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó pupa lórí, irú èyí tí Henning máa ń rà. Mo ní, "Wọ́n yan Henning ní olùkọ́ tó dára jù lọ. Ẹ jẹun." Ìgbà tó yá ni Torkel wúkọ́, ó jáde, ó gbé tirẹ̀ wá. Láti oṣù tó kọjá ló ti wà nínú fìrísà, ọ̀bẹ kò wọ̀ ọ́. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọdún kejì bá ní, "Ọ̀gá Torkel, ṣé kéèkì lẹ gbé wá ni àbí bíríkì?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ife ẹ̀yẹ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Tuva dìde, ó mú òòlù. Mo di ìwé mú, ó kàn án. Ìwé náà ń bẹ lára pátákó báyìí, Tromsø ń dúró dè é.

Mo padà sókè lọ kọ ìròyìn jáde. Henning ni mo fi ṣáájú. Nígbà tí mo ti yàrá ìtẹ̀wé dé, bébà ìnuwọ́ kan wà lórí tábìlì mi. Ìrépé kéèkì aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí abẹ. N kò mọ ẹni tó gbé e wá, n kò sì béèrè.

N kò jẹ ẹ́. Èmi tí kì í fi nǹkan falẹ̀, mo gbé e wálé, mo ti í sínú fìrísà bíi ti Torkel.

Bá mi kí Sixten dáadáa, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ-ọmọ lẹ́nu fún mi. Nígbà tí ìbàdí bá gbà ọ́ láyè, wọ ọkọ̀ ojú omi kí o wá. A ó gé e sí méjì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,

Ragnhild