Tanímọ̀la àti Ẹsẹ̀ Àlàájà Mùsítúrà

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                        Òkokómáíkò,
                                        Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Mosúnmọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan ní Abẹ́òkúta? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun láti ìgbà tí ibà dá wọn wólẹ̀ lóṣù tó kọjá? Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ bí ìbejì. Ẹ kú ewu ọmọ o, Olúwa yóò bá yín wò wọ́n dàgbà. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò tó sọ àdúgbò wa di odò ti ń sinmi díẹ̀, mo sì ti ń rí bàtà gidi wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, àti ẹ̀rín tí o fi parí rẹ̀. O ní wọ́n sọ fún ọ pé mò ń fa ajá lọ bá àwọn arúgbó, o sì ní ta ló sọ fún mi pé ajá ni arúgbó nílò. Kò bí mi nínú. Ká ní èmi ni mo gbọ́ irú rẹ̀ nípa tìrẹ, màá ti rẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ó sì gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ bí a ti máa ń ṣe lẹ́yìn tí a jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama.

O rántí Tanímọ̀la, ajá pupa tí ọ̀gá ológun ojú omi kan ní Néfì Táùn fún mi nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ̀gá náà lọ sí Kàlàbá. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni ajá yìí ń gbé. Ìyá mi tí kò fẹ́ dìde jẹun fún ẹnikẹ́ni a máa dìde jókòó kí ọwọ́ wọn lè tó orí ajá. Nọ́ọ̀sì Rodiyat, aládùúgbò mi tó ń wá fún wọn lábẹ́rẹ́, rí i báyìí lójoojúmọ́. Òun ló ń bójú tó ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Igbó-Elérin, níbi tí àgbàlagbà mọ́kànlá ń gbé. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, ó wá bá mi. Ó ní, “Àǹtí Bámikẹ́, ẹ jẹ́ kí ajá yìí máa wá kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa.”

Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́ ní Àlàbá Rágò, tí mò ń gún àgbò àti ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́. Mo mọ ẹranko, mo sì mọ ohun tí ẹranko lè ṣe. Mo gún Tanímọ̀la lábẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, mo gé èékánná rẹ̀, mo sì fi oṣù méjì kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ fò mọ́ èèyàn, kò sì gbọdọ̀ lá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, a bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí. Káfíńtà ni wọ́n, ara àwọn aláṣọ funfun, ìjókòó tí wọ́n kàn sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbà kò lóǹkà. Wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí dá, ó sì jinná, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti rìn. Mo fi okùn ajá sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo ní ajá náà fẹ́ dé ìdí igi máńgòrò. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ajá, wọ́n ti ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó kí ajá máa fa àwọn bí ẹrù. Láàárín oṣù kan, wọ́n ń dé ẹnu géètì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fẹ́ wa rárá, Àlàájà Mùsítúrà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n sì ta abọ́ tánńganran ní Ìyànà-Ìbà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Àga wọn wà lẹ́bàá fèrèsé, ìbọ̀sẹ̀ dúdú kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, oòrùn ìbáà mú bí iná. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni Tanímọ̀la ti dojú lé wọn. Bí a bá ti wọlé, ẹsẹ̀ òsì Àlàájà ló ń lọ tààrà. Yóò na imú síbẹ̀, yóò jókòó, kò sì ní gbọ́ ìpè mi mọ́. Àlàájà á fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga.

“Gbé ẹran rẹ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní àlùwàlá lára.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ohun tí mo lè fojú di. Mo bẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì Rodiyat, tí òun náà jẹ́ mùsùlùmí, lọ bi ààfáà àdúgbò. Ààfáà ní kí ajá má dé ibi tí wọ́n ti ń kírun, kí itọ́ rẹ̀ má sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni Tanímọ̀la ń dúró, a sì ń kúrò kí ìrun ọ̀sán tó tó. Síbẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, á máa fa okùn, á máa kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò ní kúrò ní fèrèsé yẹn. Lọ́jọ́ kan, okùn bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí. Ajá sáré wọlé, ó fi imú kan ìbọ̀sẹ̀ Àlàájà. Igbe tí wọ́n ké dé òde.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí. Wàsíù, ọmọ Àlàájà tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá, ti wà lórí ìdúró nígbà tí mo débẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní, “Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì, ajá yẹn tàbí ìyá mi.” Nọ́ọ̀sì Rodiyat kò lè wo ojú mi. Ó ní kí n sinmi ná.

Mo sunkún nílé, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo gbọ́ pé Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì, pé wọ́n ní kò síbi tí àwọn ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo mú Tanímọ̀la dání lọ sí Àlàbá Rágò kó má baà dá wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já àgbò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n á tó ọgọ́ta. Nínú gbogbo wọn, ajá mi lọ jókòó síwájú ẹyọ kan, ó na imú sí pátákò rẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Àgbò náà kò tiro. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò, mo rí i pé abẹ́ pátákò ti jẹrà.

Mosúnmọ́lá, ẹsẹ̀ òsì Àlàájà ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti rí ìjókòó yẹn rí. Gbogbo ìgbà tí à ń jà lórí ajá àti àlùwàlá, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa lápálápá.

Mo so ajá mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, mo gba Igbó-Elérin lọ. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì Rodiyat. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní Àlàájà ní àtọ̀gbẹ, ó sì yẹ kí àwọn máa wo ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá wẹ̀ ni, wọ́n á sì ní àwọn ti múra ìrun tán. Ó ní òun ló jẹ̀bi tí òun gbà fún wọn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà.

“O tún mú un wá?”

“Rárá, mà. Èmi nìkan ni. Àlàájà, ẹran ni mò ń tọ́jú. Ajá mi kì í jókòó ti ẹsẹ̀ tí kò ní egbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ òsì yín.”

Mo ń retí kí wọ́n lé mi. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

“Báyìí ni wọ́n ṣe ní káwọn wo ti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kékeré ni. Wọ́n gé e dé orúnkún. Kò lò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.”

“Ó ti tó ìgbà wo tí tiyín ti wà níbẹ̀, mà?”

“Oṣù méjì. Bàtà ló gé mi.”

Mi ò ṣèlérí pé wọn ò ní gé nǹkan kan, torí mi ò mọ̀. Mo ní, “Ẹ ò ní dá lọ. Èmi àti Rodiyat la máa jọ tẹ̀lé yín.” Wọ́n tún wò mí díẹ̀, wọ́n wá na ẹsẹ̀ náà síwájú. Àwọn fúnra wọn ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an la dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó tún lo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ náà kò ní ṣeé dá sí. Ọmọ-ìka kékeré ni wọ́n gé, ẹsẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Àlàájà lò níbẹ̀, mo sì ń lọ wò wọ́n lọ́jọ́ méjìméjì. Níbẹ̀ ni Wàsíù ti wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wá ní, “Àǹtí, èmi ni mo ra bàtà yẹn fún wọn.” Mo ní kò sẹ́ni tó ń ra bàtà fún ìyá rẹ̀ kó lè gé e lẹ́sẹ̀. Ó nu ojú, ó ní òun ti sọ fún Nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kí ajá padà.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni gbogbo wa tó tún pàdé. Àlàájà ti wọ sálúbàtà, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé àga àwọn sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ síta, wọ́n ní kí n mú ajá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó má fara kàn wọ́n o. Tanímọ̀la wá, ó gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú kúrò, ó sì kọjá lọ dùbúlẹ̀ sídìí ọ̀pá Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí. Nọ́ọ̀sì Rodiyat pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn. Àlàájà ní tiwọn ń wo ẹ̀yìn ajá náà.

“Bámikẹ́,” wọ́n ní, “ṣé kò wá rí tèmi rò mọ́ ni?”

Ọ̀rẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé mò ń fa ajá lọ bá àwọn arúgbó, sọ fún wọn pé òótọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí ìyá ìbejì, kí o sì gbé àwọn ìbejì náà jó fún mi. Bí o bá ń bọ̀ ní Èkó, fi í sí Ọjọ́bọ̀, kí ìwọ náà lè di okùn mú.

                                        Èmi ni tìrẹ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn,
                                        Bámikẹ́ Oyèkànmí.