Orí Kan, Tíkẹ́ẹ̀tì Kan

Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Tó Kọjú Sí Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Kọ́lẹ́ẹ̀jì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà.

Adúmáadán, ẹnìkejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Baba àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àgbà ti ń dá aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ fọ̀ àbí ìwọ lo ṣì ń bá a fọ̀ ọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ti ń ríran dáadáa? Bá mi kí wọn nísinsìnyí kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, nítorí mo mọ̀ ọ́, tí o bá kà á tán, o ti gbàgbé nìyẹn.

Àwa náà wà. Baba Kíńkín ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la máa ń rí wọn. Kíńkín fúnra rẹ̀ ti pé oṣù mọ́kànlá, ó ti ní eyín mẹ́rin, ó sì ti fi gbogbo wọn bù mí jẹ. Tó bá ti sùn, mo ṣì máa ń gbé ọwọ́ sí i nímú kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Mo mọ ohun tí o máa sọ. O ti sọ ọ́ rí, mo sì gbọ́, mo ṣì ń gbé ọwọ́ sí i nímú.

O ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ fẹ́ ṣe ọjọ́ orin láti kó owó jọ fún ilé àwọn arúgbó, o sì ní kí n sọ bí àwọn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí ṣe fi iye lé tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, nítorí o gbọ́ pé èrò pọ̀. Òótọ́ ni, èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ròyìn fún ọ kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìṣe.

O mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wa ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú oṣù kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wọlé wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Alága nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ọjọ́ orin, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra àpótí olóoru kejì fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ní ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ ọ̀nà.

Adúmáadán, ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Wọ́ọ̀dù yẹn ni Kíńkín ti lo ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ọmọ méjì ni wọ́n sì ń tẹ́ sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyẹn. Èmi àti ìyá ọmọ kejì la jọ ń jókòó lórí àga gígùn kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Aládùúgbò ni mò ń pè é, nítorí àwọn ọmọ wa jọ ń gbé inú ilé kan. Nígbà tí ara ọmọ tirẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kan, wọ́n ní láti gbé Kíńkín jáde kí kòkòrò má baà ràn án. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi gbé e sáyà. N kò lè sọ fún ọ ohun tí mo rò láàárín wákàtí mẹ́ta yẹn.

Ó dáa. Bí wọ́n ṣe fi iye lé tíkẹ́ẹ̀tì nìyí. Alága mú iye owó àpótí, ó fi owó akọrin ńlá kan tí gbogbo ọ̀dọ́ ń gbọ́ kún un, ó pín gbogbo rẹ̀ sí iye àga tó wà nínú gbọ̀ngàn, ìyẹn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ohun tó jáde ni iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tó iye agolo wàrà ọmọdé méjì. Ìṣirò náà dán mọ́rán. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó gbà pé gbogbo àga ló máa rí ẹni jókòó lé e. Nítorí pé àga ni wọ́n fi ṣírò, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì pé ‘Orí kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan.’ Mo bi wọ́n pé ọmọ tí wọ́n pọ̀n ńkọ́. Alága ní, “Àǹtí, ṣé kò lórí ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni mo fi kọ ọ́.

Ojú fèrèsé wa ni wọ́n ní ká ti máa tà á. Lọ́jọ́ mẹ́jọ, mẹ́tàdínlógójì ni mo tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dé, wọ́n á bèèrè iye rẹ̀, màá sọ. Ọ̀kan ní, “Ṣé a máa gbé akọrin náà lọ sílé ni?” Nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà yà, ó ní aago mélòó, mo ní méje ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Ìgbà yẹn gan-an ni mò ń wọṣẹ́.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni Aládùúgbò dé, ó pọ̀n ọmọkùnrin rẹ̀. A kíra, a wo ọmọ ara wa. Ó yọ owó jáde. Mo ní owó náà kò tó, nítorí ó pọ̀n ọmọ.

Ó wò mí. “Ìyá Kíńkín, ọmọ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ ń kọrin náà lẹ ní kó sanwó wọlé?”

Mo ní èmi kọ́ ni mo gbé òfin náà kalẹ̀.

“Mo mọ̀. Ìwọ lo kàn ń sọ ọ́.”

Ó tún ọ̀já rẹ̀ so, ó lọ. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.

N kò ní parọ́ fún ọ, mo ti mọ̀ pé kò dáa láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn, ọ̀gá wa á sì ní èmi ni mo lé oníbàárà. Mo fi ‘ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ’ tu ara mi nínú.

Lọ́jọ́ kejì, Alága wá sọ fún mi pé àwọn ti rí ojútùú. Akọrin ńlá kejì ni wọ́n fẹ́ fi kún un kí èrò lè ya wá, nítorí náà, iye tíkẹ́ẹ̀tì máa lọ sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti rí lójú fèrèsé. Ó tẹ́tí, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó tún fi í síbẹ̀, ó ní kí n wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ wọn laago mẹ́rin.

Mo pọ̀n Kíńkín lọ. Àwọn mẹ́sàn-án ló jókòó nínú kíláàsì kan tí kò ju pálọ̀ lọ.

Alága ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, tí a bá dín iye rẹ̀ kù, báwo la ṣe máa rówó àpótí?”

Mo ní, “Iye tẹ́ ẹ fi lé e báyìí ńkọ́, èló lẹ ti rí?”

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “A ti rí owó ìlẹ̀kùn ẹ̀.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní àwọn tó mọ ohun tí àpótí yẹn jẹ́ ni àwọn ìyá, àwọn nọ́ọ̀sì, àti ìdílé wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wá laago méje, tàbí tó lè san ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Alága ní àwọn ẹgbẹ́ wọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́, akọrin ni àwọn yẹn fẹ́ wá wò, kì í ṣe àpótí. Òótọ́ ló sọ.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó sípíkà ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ ti wò ó pé akọrin yẹn nìkan ló ń kó ìdajì owó lọ?” Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n nawọ́ sókè láti dìbò. Wọ́n yọ akọrin ńlá kúrò. Ẹgbẹ́ akọrin kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àwọn olùkọ́ tó ń ta gìtá ló máa kọrin lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n dín iye tíkẹ́ẹ̀tì sí ìdámẹ́rin, wọ́n gbé e sí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì kan ti jáde lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ti alẹ́ kò sì tíì wọlé. Ọmọ tí wọ́n bá pọ̀n tàbí gbé lẹ́sẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Alága kò nawọ́ sí i, àmọ́ òun ló tún ṣiṣẹ́ jù. Bí a ṣe ń jáde, ó ní, “Àǹtí, tí ètò yìí ò bá yọrí sí rere, orúkọ yín la máa kọ sí i.” Mo rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń rò ó pé tó bá bàjẹ́, ọmọ méjì mìíràn ló máa jọ sùn sínú àpótí kan, èmi sì ni mo ní kí wọ́n lé akọrin lọ. Mo sọ fún Baba Kíńkín lórí fóònù. Wọ́n ní ṣebí orin lásán ni.

Mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ bá Aládùúgbò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun. Èmi kò bẹ̀ ẹ́, òun náà kò ní kí n bẹ òun. Ó ka ìsàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó gba mẹ́wàá, ó há wọn sétí dígí. Lọ́jọ́ kejì, ó wá gba ogójì. Ohun tó tà ju ti ojú fèrèsé wa lọ.

Nígbà tọ́jọ́ pé, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tòótọ́ fún ọ: tó bá jẹ́ orin nìkan lo wá gbọ́, kò ní tẹ́ ọ lọ́rùn. Àwọn ọmọ sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọbìnrin onísípíkà ń dín ohùn kù nítorí wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn ní àwọn kò gbọ́, àwọn kan dìde lọ. Olùkọ́ kan ta gìtá títí, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógójì àkọ́kọ́, mọ́kànlá ló ti dá tíkẹ́ẹ̀tì padà nítorí akọrin wọn. Kíńkín sùn títí tó fi parí.

Owó náà kò tó. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́, pẹ̀lú ohun tí àwọn èèyàn fi sínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì àgbà lọ jókòó ti àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ní ọ́fíìsì wọn fún ọjọ́ méjì gbáko, ni wọ́n bá fi ìyókù kún un.

Nítorí náà, má jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fi àga pín owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ta ni yóò fẹ́ wá, àti aago wo lọwọ́ onítọ̀hún dilẹ̀, kí wọ́n tó sọ pé èló. Kí wọ́n wo iye tí akọrin máa gbà. Kí wọ́n sì lọ wo àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn yín, nítorí àwọn arúgbó fúnra wọn lè fẹ́ wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo lọ wo wọ́ọ̀dù náà. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan jókòó sórí àga gígùn, bóyá ló pé ogún ọdún. Kò mọ̀ mí, kò gbọ́ nǹkan kan nípa orin. Ó sún kí n lè jókòó, lẹ́yìn náà ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Àǹtí, ọmọ tí wọ́n bá gbé sínú ẹ̀, ṣé ó máa ń jáde?” Mo yí ẹ̀yìn mi sí i kó lè rí Kíńkín tí mo pọ̀n. Kíńkín na ọwọ́, ó di aṣọ tí ìyá kékeré náà wé sórí mú, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá náà jẹ́ kó mú un.

Kí gbogbo ilé fún mi, pàápàá Màmá. Baba Kíńkín ní kí n kí yín. Fèsì kíákíá, má fi iṣẹ́ ilé-ìwé ṣe àwáwí.

Tìrẹ tinútinú ni mo jẹ́,
Ìyá Kíńkín.